Yíyan Agbẹjọ́rò Kí A Tó Sanwó Ilé

Ẹni tí ó fẹ́ ra ilé tàbí ilẹ̀ ní Èkó máa ń bá oríṣiríṣi ènìyàn pàdé kí ọ̀rọ̀ tó kan owó: onílé tí ó ń tà, alágbàtà tí ó mú ilé náà wá, awọnlẹ̀ tí ó ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń retí ohun tí yóò kàn wọ́n. Èrè gbogbo àwọn wọ̀nyí wà nínú kí ọjà náà tètè tà. Agbẹjọ́rò nìkan ni olùrà lè gbà síṣẹ́ láti wá àbùkù ọjà náà rí, kí ó sì sọ ọ́ síta nígbà tí owó ṣì wà lápò olówó, ìdí sì nìyí tí yíyan agbẹjọ́rò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú sísan ohunkóhun, ìbáà jẹ́ owó kékeré tí wọ́n ní kí olùrà fi di ilé náà mú.

Kì í ṣe gbogbo agbẹjọ́rò ni ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ẹjọ́ rírò níwájú adájọ́ ni wọ́n fi ń jẹun, àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn mọ́ jù lọ. Irú kejì yìí ni olùrà ń wá. Bí ó ti wù kí ó rí, agbẹjọ́rò ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí òfin tí ó de iṣẹ́ amòfin ní Nàìjíríà láti ọdún 1975 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò gba owó láti kọ ìwé tí ó jẹ mọ́ ilé tàbí ilẹ̀. Àgírímẹ́ǹtì tí alágbàtà tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó sì bu owó lé, wà lábẹ́ òfin náà.

Ìbéèrè tí ó ṣe kókó jù, tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í sì í béèrè, ni pé ta ni ó gba agbẹjọ́rò tí ó wà níwájú wọn síṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ tí ń gé ilẹ̀ tà bá ń ka owó tí olùrà yóò san, wọ́n sábà máa ń fi owó ìwé àti owó agbẹjọ́rò kún un, olùrà yóò san án, yóò sì gbà pé òun ti ní agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí agbẹjọ́rò ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀, kódà bí owó bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà kò sì ní sọ fún olùrà pé ilẹ̀ tí ọ̀gá òun ń tà ní ọwọ́ ìjọba nínú. Agbẹjọ́rò tí alágbàtà bá júwe náà gba àyẹ̀wò díẹ̀, nítorí bí ó bá jẹ́ pé alágbàtà yẹn ni ó ń fún un níṣẹ́ lóṣooṣù, yóò ṣòro fún un láti ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di àṣà kí olùtà ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, kí olùrà náà sì ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó ra ilé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti tẹ̀ lé àṣà yìí láìjanpata, síbẹ̀ tí ó bá kan ilé tí wọ́n fẹ́ rà ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó wà nílé ni wọ́n máa ń fi owó ránṣẹ́ sí, bí ẹni pé ìbátan lè dípò ìwé yíyẹ̀wò.

Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà nira ni pé ilẹ̀ Yorùbá ní onílẹ̀ méjì. Èkíní ni ẹbí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, Àmọ́dù Tìjánì tí ó jẹ́ Olóyè Olúwa pe ẹjọ́, òun àti Herbert Macaulay, òṣèlú ará Èkó, sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ náà, títí tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso fi dá a láre ní ọdún 1921, tí ó sì gbà pé àwùjọ tàbí ìdílé ni ó ni ilẹ̀ ní kíkún, àti pé olóyè kàn ń bójú tó o fún wọn ni. Èkejì ni ìjọba. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa mú un dání fún àǹfààní àwọn ará ìlú. Òfin yìí kò lé àwọn ẹbí kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ṣì ń tà á, nítorí náà ẹni tí ó bá rà á lọ́wọ́ ẹbí láìwo ojú ìjọba, tàbí tí ó rí ìwé ìjọba tí kò wádìí ẹbí, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ní ti ẹbí, agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi ìwé síwájú ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀. Yóò béèrè olórí ẹbí, yóò sì béèrè àwọn àgbà tí wọ́n dúró fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ilé ẹjọ́ ti fi ìlànà lélẹ̀ láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, pé bí olórí ẹbí bá tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà wọ̀nyí, àwọn tí a yọ sílẹ̀ lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì da ọjà náà nù, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà láìsí olórí ẹbí, kò sí ọjà rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ilé náà bá jẹ́ ogún tí bàbá fi sílẹ̀, àwọn ọmọ tí ń tà gbọ́dọ̀ fi ìwé tí kóòtù fún wọn láti máa ṣàkóso ogún náà hàn. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ó ń tà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ tí ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbẹjọ́rò yóò ti mọ àwọn tí ó lè fọwọ́ síwèé fún un.

Ní ti ìjọba, ọ́fíìsì méjì ni ó ṣe pàtàkì jù, àwọn méjèèjì sì wà ní Alausa, ní Ìkẹjà, fún ilẹ̀ tí ó bá wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn awọnlẹ̀, wọn yóò fi àwọn nọ́ńbà tí ó wà lára ìwé sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, wo ibi tí ilẹ̀ náà bọ́ sí lórí máàpù ìjọba. Bí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, bí ọ̀nà tàbí ilé ìwé, kí olùrà sá ni. Ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀ mìíràn wà tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé lápapọ̀ tí ó sì tún yọ apá kan sílẹ̀ fún àwọn ẹbí, tí ó tẹ ìyọ̀ǹda náà sínú ìwé ìkéde ìjọba tí gbogbo ayé ń pè ní gásẹ́ẹ̀tì. Orúkọ gásẹ́ẹ̀tì kò tó. Àwọn tí ń ta ilẹ̀ máa ń fi gásẹ́ẹ̀tì abúlé kan ta ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ààlà abúlé náà, nọ́ńbà sọ́fè nìkan ni ó sì lè tú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ní ọ́fíìsì kejì, ìyẹn ibi àkọsílẹ̀ ilẹ̀, agbẹjọ́rò yóò wo orúkọ tí ó wà nínú ìwé, yóò wò ó bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún owó ní báńkì, tàbí bóyá ẹnìkan ti kọ ìwé sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ ẹni lórí ilẹ̀, kò sì pa gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí rẹ́, nítorí ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé òun ni ó ni ẹ̀tọ́ tí ó dára jù.

Lẹ́yìn tí a bá ti rà tán, ó ku ìyọ̀ǹda gómìnà. Òfin ọdún 1978 kò gbà kí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà, ní ọdún 1989 sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàárín Savannah Bank àti Ajilo, sọ pé báńkì tí wọ́n fi ilé dúró fún láìgba àṣẹ náà kò ní ohunkóhun lọ́wọ́. Ẹni tí ó fi ilé náà dúró gan-an ni ó pe ẹjọ́, tí ó sì jàre, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wá àṣẹ. Nítorí náà kí olùrà béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, kí ó tó gbà á, bóyá iṣẹ́ rẹ̀ dé orí ìyọ̀ǹda gómìnà, sísan owó òǹtẹ̀ ìjọba àti fífi ìwé sínú àkọsílẹ̀, tàbí ó parí níbi díìdì, ìyẹn ìwé tí olùtà fi ń gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni díìdì wọn ti wà nínú àpótí fún ọdún gbọọrọ tí wọ́n sì rò pé gbogbo ètò ti parí.

Láti mọ̀ pé agbẹjọ́rò ni ẹni náà lóòótọ́ kò ṣòro. Gbogbo agbẹjọ́rò Nàìjíríà ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìwé sì ní orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ lára. Bí ó bá kọ̀ láti fi nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí olùrà wá ẹlòmíràn lọ.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń fa àríyànjiyàn. Ìdá márùn-ún tàbí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a ra ilé ni a sábà máa ń gbọ́ ní Èkó, ìjọba sì ṣe ìlànà tuntun lórí owó àwọn agbẹjọ́rò ní ọdún 2023. Kí agbẹjọ́rò kọ iye tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó kọ owó tí yóò san fún ìjọba lọ́tọ̀, kí ó sì fi rìsíìtì ìjọba ti èkejì lẹ́yìn. Ó tún bọ́gbọ́n mu kí wọ́n ṣe àdéhùn lórí owó ìwádìí nìkan ná, nítorí agbẹjọ́rò tí kò ní rí nǹkan gbà àfi bí ọjà bá tà ti di ẹgbẹ́ alágbàtà. Ní ìkẹyìn, kí ìwé àdéhùn wọn sọ ọjọ́ tí yóò kó èsì ìwádìí kalẹ̀ ní kíkọ, àti pé ọwọ́ olùrà ni ojúlówó gbogbo ìwé yóò wà, tí ẹ̀dà nìkan yóò sì kù sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò.