Ewédò Lára Igi Tí Ó Wó Nínú Igbó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí igi ńlá bá ti wó nínú igbó, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn, àti pé kò wúlò mọ́ ju kí a fi dáná lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo òkú igi yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ara igi náà a máa rọ̀, omi a máa dúró sínú rẹ̀, ewédò tútù yọ̀yọ̀ yóò sì bò ó bí ìgbà tí a bá da aṣọ àrán bo àga.

Ewédò ni ewéko kékeré tí a máa ń rí lára ògiri àtijọ́ àti lára òkúta ẹ̀bá odò ní àkókò òjò. Kò ní gbòǹgbò bí àgbàdo tàbí ìrókò. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ni ó fi ń di ibi tí ó wà mú. Kò ní òdòdó, kò sì ní èso. Ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó fi ń mu omi òjò àti ìrì. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, a gbẹ, a sì ká jọ bí ohun tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n bí òjò bá tún rọ̀, a sọjí.

Báwo ni ó ṣe ń dé orí igi? Bí ewédò bá dàgbà, a yọ igi tín-ín-rín sókè, àdó kékeré a sì wà lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn àgbà fi ń pa oògùn mọ́. Inú àdó yìí kún fún ohun lẹ́búlẹ́bú tí ó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ. Nígbà tí àdó bá ṣí, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ. Èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ewé gbígbẹ lè bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igi tí ó wó ga díẹ̀, ewé kì í sì í pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí náà èyí tí ó bọ́ síbẹ̀ a rí ìmọ́lẹ̀ àti omi.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ yìí dájú: olú ni ó ń jẹ igi, ewédò kì í jẹ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewédò fi ń ṣe oúnjẹ tirẹ̀; ibùjókòó nìkan ni ó wá sórí igi.

Ibi kan tí a ti lè rí iṣẹ́ yìí kedere ni igbó Hoh, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, nínú Olympic National Park tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1938. Òjò ibẹ̀ ń tó nǹkan bí mítà 3.5 lọ́dún kan. Irúgbìn àwọn igi ńláńlá a máa bọ́ sórí òkú igi tí ewédò bò, wọn a hù, gbòǹgbò wọn a sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, òkú igi náà a jẹrà tán, àwọn ọmọ igi a sì dúró ní ìlà gbọọrọ bí ẹni pé ènìyàn ni ó gbìn wọ́n. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́: bí ewédò bá nípọn jù, gbòǹgbò ọmọ igi kò ní í lè kàn igi, yóò sì kú.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí a ti ń kó òkú igi kúrò nínú igbó láti ọjọ́ pípẹ́, ewédò kan tí ó fẹ́ràn igi jíjẹrà, Buxbaumia viridis, di ọ̀wọ́n débi pé a fi í sínú òfin ààbò ní ọdún 1992. Kò burú kí a ṣẹ́ igi ìdáná, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kó gbogbo òkú igi tán ti gba ilé lọ́wọ́ ewédò, ó sì ti gba ọ̀rá lọ́wọ́ ilẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni í rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti igbó: lára òkú igi ni igi mìíràn ti ń rí ẹsẹ̀ dúró.