Ọkùnrin tí ọmọ mi fẹ́ fẹ́ kò ní ẹ̀sìn

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kí mi nílé. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó sì sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Àfi ìgbà tí mo béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, tó ní òun kò lọ síbì kankan, òun kò tilẹ̀ gbà pé Ọlọ́run wà. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni, ǹ bá gbà, torí Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni yóò bẹ̀rù? Bí inú bá bí i lọ́jọ́ kan tó fẹ́ lu ọmọ mi, kí ni yóò dá a dúró? Ọmọ mi ní kò sí èèyàn dáadáa bíi tirẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Mi ò ní sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù, torí ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń fi dánwò. Ṣùgbọ́n mo rò pé ibi tí ẹ̀rù yín kọjú sí kọ́ ló yẹ kó kọjú sí.

Ẹ wo ẹbí tiyín náà. Mùsùlùmí ló tọ́ yín, Kristẹni ni yín. Bí ọmọ kan bá jalè nínú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, ta ló máa ń béèrè pé ìwé ẹ̀sìn wo ni kí a fi dá ẹjọ́ rẹ̀? Onímọ́ṣáláṣí, oníṣọ́ọ̀ṣì àti bàbá arúgbó tó ṣì ń bọ Ògún yóò jókòó, ẹnu wọn yóò sì kò pé kí ọmọ dá ohun olóhun padà, kó tọrọ àforíjì. Ìyà tó jẹ ẹni tí wọ́n jà lólè ni gbogbo wọn ń wò. Ibi tí kálukú ti ń gbàdúrà kò mú kí wọ́n rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan kò ní bá mi gbà á. Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, sọ nínú ìwé tó kọ nípa Olódùmarè ní 1962 pé èso ẹ̀sìn ni ìwà rere láàárín Yorùbá. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí Plato, ará Gíríìsì, ti kọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, tí mi ò tíì rí ẹni tó bọ́ nínú rẹ̀: ṣé torí pé ohun kan dára ni Ẹni Òkè ṣe fẹ́ràn rẹ̀, àbí torí pé Ó fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe dára? Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, a jẹ́ pé bí àṣẹ ìkà bá dé lọ́la, ìkà di rere nìyẹn. Ẹ̀yin náà kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ní Ọlọ́run kò lè pàṣẹ ìkà láé, torí ẹni rere ni. Ẹ rí i, ẹ ti mọ rere yàtọ̀ sí ìkà kí ẹ tó fi yin Ọlọ́run.

Ẹ ó rántí Táí Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tó sọ ní gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ní 1956, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀, láìfi ti ìsìn kankan ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn míṣọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wà. Àwọn Kristẹni àti Mùsùlùmí sì kó ọmọ wọn lọ fún un. Ní 1984, ìjọba ológun tì í mọ́lé torí ohun tó ń kọ, kò torí ẹ̀ panu mọ́. Ní 1989, wọ́n fi ṣe alága People's Bank, báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa yá mẹ̀kúnnù lówó. Pẹ̀lú gbogbo onísìn tó wà ní Nàìjíríà, òun ni wọ́n wá fi ṣọ́ owó tálákà.

Ẹ lè ní inú ẹ̀sìn ló ṣáà ti dàgbà. Òótọ́ ni, Wesley College, ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù n'Íbàdàn, ló ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Mi ò kọ̀ pé ẹ̀sìn ń kọ́ni níwà. Òun ni púpọ̀ nínú wa fi tọ́ ọmọ, òun ló ń kó wa jọ ní Jímọ̀ àti ní Sọ́ńdè ká lè rántí ara wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbàgbọ́ kúrò lọ́kàn Ṣólàárín, ìwà tí wọ́n kọ́ ọ kò bá a lọ.

Ní ti pé kí àfẹ́sọ́nà yìí má lu ọmọ yín, ẹ bi pásítọ̀ yín léèrè iye ẹjọ́ ọkọ tó ń lu ìyàwó tó ti parí, kí ẹ sì béèrè bóyá àwọn ọkọ náà kì í wá sí ìsìn. Ìwádìí tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ ni kí ẹ ṣe. Báwo ló ṣe ń bá àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀? Kí ni onílé rẹ̀ sọ nípa rẹ̀? Ṣé ó ń san gbèsè? Bí ọmọ yín bá ní rárá, ṣé ó máa ń gbà, àbí ṣe ló ń halẹ̀? Ẹ pe ọmọ yín sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í bóyá ọkùnrin náà ti gbọ́wọ́ sókè sí i rí. Lẹ́yìn náà, ẹ pe òun náà, kí ẹ bi í ní ìbéèrè tí ẹ bi mí: kí ni yóò dá ọ dúró? Ẹni tó ti ro ìwà ara rẹ̀ yóò rí nǹkan sọ.

Ohun tó yẹ kó gbà yín lọ́kàn ju èyí lọ ni ti àwọn ọmọ tí wọn yóò bí. Ṣé wọn yóò ṣe ìrìbọmi? Bí ọmọ yín bá ń kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé bàbá wọn yóò dí wọn lọ́wọ́, àbí yóò kàn jókòó sílé? Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín tọkọtaya tí ẹ̀sìn wọn kò papọ̀. Kí àwọn méjèèjì jókòó sọ ọ́ níwájú yín, kí ẹ tó dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.