Ẹrù Tó Ní Orúkọ Rẹ Lára

Àbúrò mi, jókòó tì mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò ni, irú èyí tí a máa ń sọ tí a bá jọ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé fún àjẹ́ńtì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Wọ́ọ̀fù Àpápá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kọ́ mi ní ìgbàgbọ́ ju ọ̀pọ̀ ìsọjí tí mo lọ. Kò sí kọ̀ńténà tí kò ní ìwé, kò sì sí ìwé tí kò ní orúkọ ẹni tó ni ẹrù. Tí ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ẹrù bá ti pé báyìí, dẹ́mọ́réèjì, owó ìtanràn ẹrù tó pẹ́ ní èbúté, á bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn lójoojúmọ́. Kò mọ ọjọ́ Àìkú, kò mọ ọjọ́ ọdún.

Oníbàárà wa kan wà, olùfọkànsìn paraku. Ẹrù rẹ̀ há. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sún un dé méje. Ó ní àwọn ará abúlé òun ló fẹsẹ̀ tẹ kọ̀ńténà òun mọ́lẹ̀. Ó gbé òróró wá, ó ní kí n bá òun ta á sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo bá a ta á o, kí wọ́n má lọ sọ pé ọkàn mi le. Àmọ́ ohun tó so ẹrù yẹn mọ́lẹ̀ wà nínú fáìlì tó wà lórí tábìlì mi: kò ṣí Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí oníṣòwò fi ń forúkọ ọjà tó fẹ́ kó wọlé sílẹ̀, ní báńkì kí ọjà rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ òkun, bẹ́ẹ̀ òfin ní ṣáájú ni kí á ṣí i. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún un. Ó ní Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà. Ààwẹ̀ ò burú o, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ méje yẹn, owó ń gorí owó.

Mo fi í ṣẹ̀sín nígbà yẹn. Àṣé tèmi ń bọ̀ lọ́nà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo kó àjọ. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣe ìpàdé àdúrà ní Ọlọ́run fi òwò kan han òun, pé orúkọ mi wà nínú ìran náà. Ara mi kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní yàrá kejì sí tèmi ní n má ṣe é. Mo kówó sílẹ̀, owó náà sì wọgbó. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ onílé, ọ̀dọ̀ ọkọ mi, ọ̀dọ̀ àwọn tí a jọ ń dá àjọ, nǹkan kan náà ni mò ń sọ: "Èṣù ló fọ́ mi lójú." Ìyá mi tí kò kàwé ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ta ló ka owó náà, ìwọ àbí èṣù?" Mi ò lè dáhùn. Èmi ni mo kà á, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tiẹ̀ kà á, kó má baà lé.

Nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà, orí 6, ó ní kí á máa bá ara wa gbé ẹrù. Kò ju ẹsẹ mẹ́ta lọ tó tún fi ní kálukú ni yóò ru tirẹ̀. Èyí máa ń dà mí láàmú. Bíbélì Yorùbá wa, tó ti ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ẹrù kan náà ló pe méjèèjì. Ìgbà tí olùkọ́ Bíbélì kan là mí lọ́yẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé orúkọ méjì ni wọ́n ń jẹ́ lédè Gíríìkì. Ti àkọ́kọ́, baros, ni èyí tó lè wó èèyàn mọ́lẹ̀: ikú ọkọ, àìsàn ọmọ, iná tó jó ṣọ́ọ̀bù. Èkejì, phortion, ni èyí tí wọ́n dì fún ọ láti gbé. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, níbi tí ọkọ̀ tó gbé Pọ́ọ̀lù ti fẹ́ rì. Àṣé ọ̀rọ̀ Wọ́ọ̀fù ni! Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà.

Látìgbà náà, tí nǹkan bá dojú rú, mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi pé ẹrù wo nìyí. Nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni tiwa. Nígbà tí tírélà tò láti èbúté Tin Can dé Mile 2, tí obìnrin ń jí ní aago mẹ́ta òru kó tó lè débi iṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣòro yẹn ní ẹni tó ni ín. Àjọ tó ń mójú tó èbúté ló gbé ètò orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté kalẹ̀ ní oṣù kejì 2021. Wọ́n sì lè ṣe é ṣáájú bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí oníwàásù kankan dì í mọ́ ọ lórí.

Wọ́n a máa fi agbábọ́ọ̀lù Odion Ighalo ṣàpẹẹrẹ fún wa ní Ajégúnlẹ̀. Àdúgbò wa ló dàgbà sí, pápá Maracana ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó dé Manchester United ní 2020. Mi ò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yẹn, bí ẹni pé ẹni tí kò bá kúrò níbí ni kò yàn dáadáa. Àwọn ọmọ tó yàn dáadáa lórí pápá yẹn pọ̀, àwọn míì ṣì ń gun ọ̀kadà. Ohun tí mo mú níbẹ̀ kéré: pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń padà sí pápá lójoojúmọ́. Èyíinì nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àyànmọ́ ni, ẹ rántí pé àwọn baba wa kan náà ló pè é ní àkúnlẹ̀yàn. Wọ́n ní a kúnlẹ̀ yàn án ni. Wọn ò ní wọ́n jù ú lù wá.

Ní báyìí, kí n tó gbé ọ̀rọ̀ lọ fún ẹgbẹ́ àdúrà, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: kí ló wà lọ́wọ́ mi nínú rẹ̀? Ìgbà míì, ìlà kan péré ni. "Pe onílé." "Sọ òótọ́ fún ọkọ mi." Tí mo bá ti ṣe ìlà yẹn, ẹnu mi a yá sí àdúrà. Tí owó bá sì máa kúrò lọ́wọ́ mi, ì báà jẹ́ áńgẹ́lì ló ń béèrè, mo máa sùn tì í lóru kan ná.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Wòlíì ti sọ ẹni tí yóò fẹ́, ìdílé ti gbà, wọ́n ti ń wo aṣọ. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá la wà, a ń ti ibùdókọ̀ Wilmer bọ̀. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?" Kò dáhùn. Ó ń wo ojú títì. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Boundary kó tó gbé orí sókè.

Ó ní, "Àǹtí, kò tíì sí ẹni tó bi mí."