Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Jáde Láì Jẹ Gbèsè

Ẹ kà: Lúùkù 2:41-52

Ẹ̀yin olùfẹ́, bí a bá ti ka ibi yìí nínú Bíbélì, ọkàn wa máa ń sáré lọ sí tẹ́ńpìlì, níbi tí Jésù jókòó sí láàárín àwọn olùkọ́ni. Lówùúrọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Jósẹ́fù àti Màríà kì í ṣe olówó. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí tẹ́ńpìlì ní ìkókó, ẹyẹ méjì ni wọ́n fi rúbọ, èyí tí òfin gbà láyè fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn. Síbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń ti Násárẹ́tì gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá, ìrìn bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Báwo ni tálákà ṣe ń rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún? Wọ́n ti mọ ọjọ́ náà tipẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lọ. Àwọn ẹbí àti ojúlùmọ̀ ni wọ́n sì jọ ń rìn.

Bí àwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ìbéèrè tí wọn yóò máa bi wá ni pé, “Dádì, ibo là ń lọ?” Bàbá mìíràn a jágbe mọ́ ọmọ nítorí pé àpò rẹ̀ gbẹ. Òmíràn a lọ yá owó, kí ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan sọ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti ṣe ti ẹni kejì yẹn rí.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kó ìdílé rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Èmi náà bá gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, mo kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun l'Ékòó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n débi pé mo pariwo mọ́ ọmọ mi obìnrin níwájú àwọn èèyàn nítorí ìgò mínírà kejì. Ibà mú àbíkẹ́yìn wa lóru. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyàwó mi kò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ títí a fi délé. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, owó ilé-ìwé àkọ́bí kò pé, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì fi jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní kíláàsì. Ọmọ náà kò bínú sí mi. Ó kàn sọ pé, “Dádì, ká ní ẹ sọ fún wa pé kò sówó ni, à bá dúró sílé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbèsè náà lọ. Mo ti rò pé àwọn ọmọ ni mo ń ná owó náà fún, kò sì sí ìgbà kankan tí mo jókòó tì wọ́n sọ iye tí a ní.

Nítorí náà, owó ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó sọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ mú owó ilé-ìwé, owó ilé àti owó oúnjẹ oṣù sọ́tọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó bá kù, tàbí èyí tí ẹ ti ń dá ní àjọ láti oṣù kìíní nítorí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni owó ìrìn-àjò. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ló sábà máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mì. Ìdí nìyẹn tí ibi tó sún mọ́ ilé fi dára. Ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ní iye tí àgbàlagbà ń san lẹ́nu ọ̀nà àti iye tí ọmọdé ń san, nítorí owó náà kì í dúró sójú kan. Ẹ sì fi díẹ̀ pamọ́ fún oògùn.

Ẹ wo ohun tó wà láyìíká wa. Ará Ìbàdàn lè mú àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Ará Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ó mú wọn lọ gun Òkúta Olúmọ. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ọkọ̀ ojú irin yẹn nìkan ti tó ìdajì ìgbádùn. Àwa onígbàgbọ́ tilẹ̀ ní ìdí tiwa láti lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845 wà, èyí tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Samuel Ajayi Crowther tó ṣe gudugudu méje nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá sì ti gbé ní ìlú náà. Ẹ mú Bíbélì ilé yín dání lọ, kí ẹ fi hàn wọ́n.

Ní Ìkọ́gòsì, l'Ékìtì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù pàdé ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Omi tó ń já láti orí àpáta ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹ pọn ọmọ dé ìpele keje. Ìpele kìíní tó, pàápàá lásìkò òjò tí àpáta ń yọ̀. Òkè Ìdànrè ní tirẹ̀, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ẹ fi í sílẹ̀ títí àbíkẹ́yìn yín yóò fi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún.

Ọmọ tó kéré jù ni kí ẹ fi díwọ̀n ọjọ́ náà. Bí ó bá máa ń sùn lọ́sàn-án, ẹ wá ibi tí yóò ti sùn. Ibì kan lóòjọ́ tó. Ẹ jáde lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí ẹ má sì rin ìrìn òru. Ẹ gbé ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, ẹyin bíbọ̀ àti omi láti ilé. Ẹ kò ní pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni nítorí mínírà. Bí ẹ bá fẹ́ sùn síbẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò sàn ju òtẹ́ẹ̀lì lọ, bí ẹ bá sọ fún wọn ṣáájú, tí ẹ gbé oúnjẹ tiyín dání, tí ẹ sì lọ lọ́jọ́ tí ẹ dá. (Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn méje kò gbọ́dọ̀ yọ sí ìyàwó àbúrò yín lójijì.) Arábìnrin kan tó ń ta ata nínú ìjọ wa kò ní ju owó danfo lọ. Ó ti ìsọ̀ pa lọ́jọ́ kan, ó kó àwọn ọmọ lọ sí oko ìyá rẹ̀, wọ́n ya àgbàdo, wọ́n sun ún, wọ́n jẹ ẹ́. Títí di Kérésìmesì làwọn ọmọ náà ń sọ ọ́ ní Sunday School.

Ohun kan ṣẹ́kù tí n kò fẹ́ kí ẹ fi ṣeré. Lúùkù kò fi àṣìṣe àwọn òbí Jésù pamọ́. Wọ́n ṣe bí ọmọ náà wà láàárín ẹgbẹ́, wọ́n rin ìrìn ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tó rí i. Lójú tèmi, Màríà rò pé ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Jósẹ́fù rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n yóò yé ẹni tó bá ti kó ọmọ rìn rí. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ dárúkọ ọmọ tí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé, kí ẹ fi sápò ọmọ. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ kan náà fún wọn. Ẹ kà wọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá dé etí omi, kí àgbàlagbà kan fi fóònù rẹ̀ pamọ́, kí ojú rẹ̀ má kúrò lára wọn.

Iṣẹ́ òní: Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó. Ẹ sọ iye tí ẹ ní fún wọn, ì báà kéré. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tí ó fẹ́ ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ jọ ṣírò rẹ̀. Bí ó bá ju owó náà lọ, ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí ẹ máa yọ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ sàmì sí ọjọ́ tí ẹ bá dá lórí kàlẹ́ńdà, níbi tí àbíkẹ́yìn ti lè rí i.