Owó Wúrà: Ta Ni Yóò Rà Á Padà Lọ́wọ́ Yín?

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀kọ́ ìfowópamọ́ kò ṣàjèjì sí oníṣòwò kankan láàárín Ìlaró àti Ayétòrò. Ibi tí ó yẹ kí a tọ́jú owó sí ni wàhálà wa, nítorí owó mẹ́ta ni etí bọ́dà yìí ti ná, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti já ẹni tó fi í pamọ́ kulẹ̀.

Owó ẹyọ ni àkọ́kọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg ti ń fi ọkọ̀ òkun kó owó ẹyọ Zanzibar wá sí etíkun wa. Ó pọ̀ títí ó fi di yẹpẹrẹ. Lẹ́yìn náà ni sẹ́fà, tí àwọn tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́ àti Kútọnu gbọ́kàn lé pátápátá, nítorí Faransé ló dúró tì í. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, fránkì Faransé kan tí wọ́n ń fi 50 sẹ́fà gbà di 100 sẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ti náírà kò nílò àlàyé gígùn: dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti ju ₦1,400 lọ kí ọdún kan tó yí po.

Abájọ tí etí ọ̀pọ̀ èèyàn fi là nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ Gánà gbé owó wúrà jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Oríṣi mẹ́ta ni: áúnsì kan, ìdajì áúnsì, àti ìdá mẹ́rin rẹ̀. Áúnsì tí wọ́n fi ń wọn wúrà jẹ́ gíráàmù 31.1, ojúlówó inú rẹ̀ sì jẹ́ 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmì ìjọba Gánà wà lára rẹ̀, ẹyẹ idì méjì tó di asà mú. Ó wuni í wò, inú mi sì dùn pé aládùúgbò wa ń fi wúrà ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ohun tí aráàlú lè fọwọ́ kàn.

Síbẹ̀, òǹtẹ̀ ìjọba kì í sọ irin di ọlà. Ìwọ̀n irin náà nìkan ló ń jẹ́rìí sí. Ẹ rántí owó onírin tí Báǹkì Àpapọ̀ tiwa gbé jáde ní 2007: ₦1 tó ní àwòrán Herbert Macaulay, ₦2 tó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Idì wa, ẹṣin funfun méjì àti asà dúdú wà lódì kejì wọn. Ta ló ń gbà á lọ́jà Ayétòrò lónìí?

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún owó wúrà tí wọ́n ṣe fún àwọn alákòójọ, tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ nǹkan kan, tí wọ́n tọ́jú sínú àpótí dáradára, tí wọ́n sì bu owó gọbọi lé e nítorí pé kò pọ̀. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti New York ni ọjà irú rẹ̀ wà. Alágbẹ̀dẹ wúrà ní Ìlaró kò ní san kọ́bọ̀ lórí àpótí. Ìwọ̀n ni yóò bá yín sọ. Kí ẹ tó rà á, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé èló ni òun yóò gbà á padà ní ọjọ́ kejì. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ máa bá tiyín lọ. A kì í dúnàá-dúrà ẹja lódò.

Ayédèrú pọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kò tó láti fi mọ̀ ọ́n, torí kì í gbé wúrà, kì í sì í gbé idẹ. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ fi òwú so owó náà kọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀, kó rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí ife. Ojúlówó áúnsì kan yóò fúyẹ́ sí i ní gíráàmù 1.6 péré, idẹ tó wọn bákan náà yóò fúyẹ́ ní ohun tó ju gíráàmù 3.5 lọ. Krugerrand, owó wúrà Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ti ń ṣe láti 1967, wọn gíráàmù 33.93 nítorí bàbà tó wà nínú rẹ̀, àmọ́ wúrà inú rẹ̀ kò ju áúnsì kan náà lọ. Irin tí wọ́n ń pè ní tungsten ni omi kò lè tú fó, wíwúwo rẹ̀ sún mọ́ ti wúrà jù. Ìdí nìyí tí mo fi ní ọwọ́ báǹkì tàbí oníṣòwò tó níwèé àṣẹ nìkan ni kí ẹ ti rà á.

Iye wúrà fúnra rẹ̀ náà máa ń ṣubú. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, áúnsì kan dé $850. Ní 1999, ó ti já sí nǹkan bí $250. Ọdún 2008 ni ẹni tó rà á lọ́jọ́ tó wọ́n jù yẹn tó rí $850 rẹ̀ padà. Nígbà tó kọjá $4,000 ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ariwo gba ìgboro, àsìkò ariwo gan-an ló sì yẹ kí èèyàn fara balẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ń so, ilé ń mú owó ilé wá, wúrà kàn jókòó ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun ìní yín ti tó fún un lójú tèmi, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó àjọ.

Àwọn ìyá wa mọ ìwúlò góòlù ṣáájú báǹkì kankan. Ọjọ́ tí owó ọjà bá há, ẹ̀gbà ọrùn ni wọ́n ń fi dógò. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ọnà ara ẹ̀gbà máa ń wọmi nígbà títà. Ti owó wúrà kéré sí i, ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àlùfáà ń lò fún sàká wúrà ni gíráàmù 85 tó bá pé ọdún lọ́wọ́ ẹni, ìdá kan nínú ogójì sì ni a ń yọ. Owó áúnsì mẹ́ta ti kọjá ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e gba Ìdí-Ìrókò, ẹ má fi pamọ́ sínú àpò gàrí. Ẹ fi han kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi tà á fún yín. Lọ́sẹ̀ tí ẹ bá sì rà á, ẹ kọ ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí sínú ìwé, kí ẹ fi ìwé náà han ọkọ, aya tàbí ọmọ kan tí ẹ fọkàn tán.