Ọ̀gágun Siwar al-Dhahab: Ológun tí ó Dá Ìjọba Padà

 

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìtàn Abdel Rahman Siwar al-Dhahab ti ilẹ̀ Sudan ni a mú wá fún yín lọ́dún yìí. Ẹni tí ó bá ti kéwú dé ibì kan yóò mọ̀ pé ẹ̀gbà ọwọ́ ni siwar, wúrà sì ni dhahab. Orúkọ ńlá ni, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó jẹ́ ẹ.

Ọdún 1955 ni ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun. Ní oṣù kẹta ọdún 1985, Ààrẹ Gaafar Nimeiri fi í ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun àti Mínísítà fún ètò ààbò. Oṣù náà kò tíì parí tí ìlú fi dàrú. Búrẹ́dì ti gbówó lórí. Àwọn dókítà, agbẹjọ́rò àti akẹ́kọ̀ọ́ tú sí ìgboro Khartoum, iṣẹ́ dúró. Nimeiri wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Wọ́n ròyìn pé Ọ̀gágun yìí kọ́kọ́ lọ́ra nítorí ìbúra tí ó ti ṣe fún Nimeiri, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ ará ìlú ni ì bá ṣàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, ó kéde pé ológun ti gba ìjọba; lẹ́yìn náà, wọ́n ṣèlérí pé ọdún kan péré ni àwọn yóò lò.

Ẹ̀yin òbí wa, ológun wo ni ó gbàjọba tí kò sọ pé òun kò ní í pẹ́? Nínú kíláàsì pàápàá, ọmọ tí a ní kí ó bá wa di pàṣán mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo bí ó ti máa ń ṣòro fún un láti dá a padà! Ọkùnrin yìí fi dókítà kan, al-Jazuli Dafallah, ṣe olórí àwọn mínísítà. Wọ́n dìbò ní oṣù kẹrin ọdún 1986, ẹgbẹ́ Umma ti Sadiq al-Mahdi ló ṣíwájú, nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún, ó gbé àmáánà náà lé wọn lọ́wọ́, ó lọ sílé.

A kò ní í fi pamọ́ pé àwọn kan bá a wí. Ogun ìhà gúúsù kò dáwọ́ dúró ní àsìkò rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan òfin tí Nimeiri gbé kalẹ̀ ní 1983. Ìjọba tí ó fi sílẹ̀ náà kò pẹ́: ní 1989 Omar al-Bashir fi ìbọn gbà á, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi lé e ní 2019.

Siwar al-Dhahab ní tirẹ̀ di olórí ìgbìmọ̀ Munazzamat al-Da'wa al-Islamiyya, ẹgbẹ́ tí ó ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sì ń gbẹ́ kànga káàkiri Áfíríkà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn King Faisal ní 2004. Ó kú ní Riyadh ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2018, Medina ni wọ́n sì sin ín sí. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín.