Àpótí Ìmọ̀: Fílááṣì Tí Kọ̀ǹpútà Kò Dá Mọ̀ Mọ́
Fílááṣì tí kọ̀ǹpútà kò dá mọ̀ mọ́ lè má tíì bàjẹ́. Ojú ihò USB mìíràn, tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn, ni a kọ́kọ́ ń fi dán an wò. Bí kò bá tún hàn, inú Disk Management ni a ti ń wá a lórí Windows. Bí ó bá wà níbẹ̀ láìní lẹ́tà, bíi E tàbí F, fífún un ní lẹ́tà ti tó. Bí “RAW” bá hàn lára rẹ̀, ètò tó ń to fáìlì ló dàrú. PhotoRec, sọ́fítíwíà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè kó fáìlì rẹ̀ sórí díìsì mìíràn. Ìgbà tí fáìlì bá jáde tán ni fọ́máàtì tó kàn.